Ìmọ̀ Òfurufú àti Ìwà Aṣáájú

Ẹni tí ó bá ti fara balẹ̀ wo àwòdì ní ojú ọ̀run yóò gbà pé kò sí ẹyẹ tí ń fi apá kan fò. Bí apá ọ̀tún rẹ̀ bá le bí irin, tí apá òsì sì ṣẹ́, orí ilẹ̀ ni yóò máa rá pálá títí ajá yóò fi gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọmọ ènìyàn rí. Ìmọ̀ ni apá rẹ̀ kan, ìwà ni apá rẹ̀ kejì. Ẹni tí ó ní ìwà ṣùgbọ́n tí kò ní ìmọ̀ lè fẹ́ ire fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kò ní mọ bí a ti í ṣe ire náà. Ẹni tí ó ní ìmọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní ìwà tilẹ̀ burú ju ti ìṣáájú lọ, nítorí pé ó mọ ọ̀nà, ó sì lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣi àwọn tí ń tẹ̀lé e lọ́nà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ilé-ìwé ni a ti ń kọ́ ìmọ̀, pé ilé baba ẹni ni a sì ti ń kọ́ ìwà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà ní méjèèjì pa pọ̀, nínú yàrá kan náà, láti ẹnu olùkọ́ kan náà. Ẹ̀kọ́ náà ni ti àwọn kádẹ́ẹ̀tì òfurufú. Apá kan rẹ̀ ni ìmọ̀ ọkọ̀ òfurufú àti ti ojú ọ̀run; apá kejì ni ẹ̀kọ́ bí a ti í ṣe aṣáájú. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí a sì bi ìtàn àwọn tí ó ti fò ṣáájú léèrè pé: ǹjẹ́ ènìyàn lè mú ọ̀kan nínú méjèèjì kí ó fi èkejì sílẹ̀, kí ó má sì rí ìjàǹbá?

Ní ọdún 1911, ọ̀gá ọmọ ogun kan tí ó ń jẹ́ Edgar Steever dá ẹgbẹ́ kádẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ láàrin àwọn ọmọkùnrin ilé-ìwé gírámà ní ìlú Cheyenne, ní ìpínlẹ̀ Wyoming. Ní ọdún 1916, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ń jà lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó sọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ nìkan ni ó ń darí rẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1964, òfin mìíràn ṣí ìlẹ̀kùn fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun yòókù. Nígbà tí ó sì di ọdún 1966, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ilé-ìwé 20. Àwọn ọmọkùnrin nìkan ni òfin kọ́kọ́ gbà láàyè. Ọdún 1973 ni a tó fi àyè gba àwọn ọmọbìnrin. Láti inú 20 yẹn ni ó ti tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ilé-ìwé.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni kádẹ́ẹ̀tì ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ wá sí ilé-ìwé, a ó sì yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀: irun rẹ̀, bọ́tìnì rẹ̀, bàtà rẹ̀, àti bí ó ti so táì mọ́ ọrùn. Àwọn ọmọ náà fúnra wọn ni wọ́n ń ṣàkóso ẹgbẹ́ lábẹ́ ojú olùkọ́. Ọ̀kan ń darí ìtò, ọ̀kan ń tọ́jú aṣọ, ọ̀kan ń ṣe ìṣirò owó, ọ̀kan sì ń ṣètò iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ará ìlú. Kádẹ́ẹ̀tì ọdún kìíní ń kọ́ bí a ti í gbọ́ràn. Kádẹ́ẹ̀tì ọdún kẹrin ń kọ́ bí a ti í pàṣẹ. Kò sì sí ẹni tí ó ń dé ìpele kejì láìgba ti ìkíní kọjá. Wọ́n ti là á sílẹ̀ fún wọn pé kádẹ́ẹ̀tì kì í purọ́, kì í jalè, kì í jí ìwé wò nígbà ìdánwò, kì í sì í fi ara mọ́ ẹni tí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe òpó: òtítọ́ ṣáájú ohun gbogbo, iṣẹ́ ìlú ṣáájú ìfẹ́ ara ẹni, àti ṣíṣe ohun gbogbo dé ojú àmì.

Àwọn ọ̀rọ̀ yìí dùn ní ẹnu. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó dùn ní ẹnu kò ṣòro rí. Ohun tí ó ṣòro ni ọjọ́ tí a ó fi ọ̀rọ̀ náà dán ènìyàn wò. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a wo apá kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti ìmọ̀ ṣáájú. Ohun tí kádẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ ń kọ́ nípa ọkọ̀ òfurufú ni pé ipá mẹ́rin ni ó ń bá a jà nígbà gbogbo. Ìwúwo rẹ̀ ń fà á sí ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó ń gba ara apá rẹ̀ kọjá ń gbé e sókè. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń tì í síwájú. Afẹ́fẹ́ kan náà tí ó ń là kọjá sì ń fà á sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà láìyára sí i, tí kò gòkè, tí kò sì sọ̀ kalẹ̀, ipá tí ń gbé e sókè bá ìwúwo rẹ̀ dọ́gba ni, èyí tí ń tì í sì bá èyí tí ń fà á sẹ́yìn dọ́gba. Ẹni tí ó bá ti rí bí ìjì ti ń ṣí páànù kúrò lórí ilé kò ní ṣe iyàn jíjà pé afẹ́fẹ́ tí a kò fi ojú rí lè gbé ohun tí ó wúwo. A ṣe apá ọkọ̀ òfurufú ní ọ̀nà tí yóò fi máa darí afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀ bí ó ti ń sáré lọ. Bí apá bá sì ti ń ti afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń ti apá náà sókè.

Àwọn tí ó fi ìmọ̀ yìí fò ní ìgbà àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀mọ̀wé yunifásítì. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, Wilbur àti Orville Wright, ará ìlú Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kí wọ́n máa ṣe kẹ̀kẹ́, kí wọ́n máa tún un ṣe, kí wọ́n sì máa tà á. Kò sí èyí tí ó gba ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé gírámà nínú wọn. Ní ọdún 1901, wọ́n gbé ọkọ̀ kan tí kò ní ẹ̀rọ lọ sí Kitty Hawk ní etí òkun, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí wọ́n bá nínú ìwé àwọn tí ó ṣáájú wọn, ó yẹ kí afẹ́fẹ́ gbé ọkọ̀ náà dáadáa. Afẹ́fẹ́ kò gbé e tó bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn ìbá bínú sí afẹ́fẹ́, ẹlòmíràn ìbá ní ayé ni kò fẹ́ ti òun. Àwọn méjèèjì padà sí ilé, wọ́n kan àpótí pákó gbọọrọ kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6, wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ sí ẹnu rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì ṣe apá kéékèèké bíi 200 oríṣiríṣi láti fi dán an wò. Wọ́n wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, wọn kò sì fi èrò ọkàn wọn kún un. Nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé ìṣirò tí gbogbo ayé ń lò kò tọ̀nà. Tiwọn ni wọ́n wá lò. Ní ọjọ́ 17 oṣù December ọdún 1903, Orville gun ọkọ̀ wọn tí ó ní ẹ̀rọ, ó sì fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12, jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 120. Ní ìgbà kẹrin lọ́jọ́ náà, Wilbur fò fún ìṣẹ́jú àáyá 59, jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 852. Lẹ́yìn èyí ni ìjì gbé ọkọ̀ náà ṣubú, tí ó sì bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti mọ̀, ìjì kò lè gbé e lọ mọ́.

Kí ni ó gbé wọn sókè? Ìmọ̀ ni, a kò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Bí wọ́n bá ti yí ìṣirò wọn padà kí ó lè bá ti àwọn ènìyàn ńlá mu, wọn kì bá ti fò. Òtítọ́ tí wọ́n fi wọn nǹkan wà lára ohun tí ó gbé ọkọ̀ náà. Nípa báyìí, ìwà ti wọ inú ìmọ̀ láìpariwo.

Ẹ jẹ́ kí a wá yí ojú sí ẹ̀kọ́ aṣáájú. A bí Benjamin Davis ní ìlú Washington ní ọdún 1912. Aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ ogun sì ni baba rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 13, ó bá awakọ̀ kan gun ọkọ̀ òfurufú fún ìgbà àkọ́kọ́, láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ sì ti wà ní òfurufú. Ní ọdún 1932 ó wọ West Point, ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kádẹ́ẹ̀tì yòókù pinnu láàrin ara wọn pé àwọn kò ní bá a sọ̀rọ̀, àfi bí iṣẹ́ bá mú un dandan. Òun nìkan ni ó ń sùn nínú yàrá tí a ṣe fún ju ẹnì kan lọ. Ó ń bá wọn jókòó jẹun, ẹnikẹ́ni kò sì ní í kí i. Wọ́n rò pé láìpẹ́ yóò sú u, yóò sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe oṣù kan. Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ṣe èyí.

Ẹ̀yin tí ń gbé ilé-ìwé, ẹ mọ bí ọjọ́ kan ti máa ń gùn tó bí ọ̀rẹ́ ẹni bá yan ẹni lódì. Ẹ fi èyí wo ọdún mẹ́rin. Davis kò bú wọn, kò bá wọn jà, kò sì sá lọ. Ó ń ka ìwé rẹ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó jáde ní ọdún 1936, ipò 35 ni ó wà nínú àwọn 276. Ó wá bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ́ òun ní wíwa ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n kọ̀ fún un, wọ́n ní kò sí ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú kankan ní ẹ̀ka òfurufú tí a lè fi í sí.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, kí a sì bi ara wa léèrè pé ta ni ó yege nínú ẹ̀kọ́ aṣáájú ní West Point ní ọdún wọ̀nyẹn. Gbogbo àwọn tí ó yan Davis lódì ni ó mọ ìtò, tí ó mọ bí a ti í kí ọ̀gá, tí bàtà wọn sì ń dán. Wọ́n tún ti búra pé àwọn kò ní hùwà àìṣòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó ní ìgboyà láti dìde níbi oúnjẹ kí ó sì kí ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹ kú ilé. Aṣọ kọ́ ni aṣáájú. Ẹni tí kò lè dá dúró lòdì sí ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ibi, ọmọ ẹ̀yìn ni, ìbáà jẹ́ pé àmì oyè kún èjìká rẹ̀.

Ní ọdún 1941, ìjọba gbà níkẹyìn kí a kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní wíwa ọkọ̀ òfurufú ogun ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Àwọn 13 ni ó bẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, Davis sì wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 7 oṣù March ọdún 1942, àwọn 5 péré ni ó yege. Kí ó tó di pé a ti ibẹ̀ pa ní ọdún 1946, ó lé ní 900 awakọ̀ tí ó ti jáde. Ní ọdún 1943, Davis kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ lọ sí ojú ogun ní Àríwá Áfíríkà. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀gá kan fi kọ̀wé pé àwọn aláwọ̀ dúdú yìí kò já fáfá, pé kí a mú wọn kúrò níwájú ogun. Davis lọ sí Washington, ó dúró níwájú ìgbìmọ̀, ó sì fi sùúrù sọ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe. Nígbà tí a ṣe ìwádìí, a rí i pé iṣẹ́ wọn kò kéré sí ti àwọn ẹgbẹ́ yòókù tí ń wa irú ọkọ̀ kan náà. Ní oṣù January ọdún 1944, ní ọjọ́ méjì péré ní agbègbè Anzio ní Ítálì, wọ́n já ọkọ̀ ọ̀tá tí ó ju 10 lọ lulẹ̀.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ tí a fún Davis àti ẹgbẹ́ ńlá tí ó ń darí ni kí wọ́n máa sin àwọn ọkọ̀ tí ń ju bọ́ǹbù lọ, kí wọ́n máa ṣọ́ wọn lọ́wọ́ ọ̀tá. Wọ́n kun ìrù ọkọ̀ wọn ní pupa. Awakọ̀ tí ó bá já ọkọ̀ ọ̀tá lulẹ̀ ni òkìkí ń kàn. Ẹni tí ó bá dúró ti ọkọ̀ tí a ní kí ó ṣọ́, kò sí ẹni tí yóò kọrin rẹ̀. Davis pa á láṣẹ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe torí òkìkí fi àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ sílẹ̀. Èyí ni ìtumọ̀ iṣẹ́ ṣáájú ara ẹni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nínú ìtàn yìí tí kò yẹ kí a fò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a ń sọ pé àwọn onírù pupa yìí kò pàdánù ọkọ̀ kan ṣoṣo sọ́wọ́ ọ̀tá nínú gbogbo èyí tí wọ́n ṣọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn, gbogbo ènìyàn sì fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òpìtàn ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú kan, Daniel Haulman, fi ara balẹ̀ ka ìwé ìròyìn ogun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé ọ̀tá já bíi 27 lulẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣọ́. Àwọn kan bínú sí i. Síbẹ̀, ìwádìí kan náà fi hàn pé bí a bá pín ti àwọn ẹgbẹ́ aṣọ́nà yòókù dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan pàdánù bíi 46. Ẹ wò ó bí òtítọ́ kò ti gba iyì lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dára kò nílò àsọdùn. Àsọdùn a máa dà bí òpó tí kòkòrò ti jẹ nínú. Bí ó ti wù kí ó ga tó, ọjọ́ tí a bá fara tì í ni yóò wó.

Ní ọdún 1948, Ààrẹ Truman pàṣẹ pé kí a dá gbogbo ọmọ ogun lọ́gbọọgba láìwo àwọ̀. Ní ọdún 1954, Davis di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ oyè ọ̀gágun nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú. Ó kú ní ọdún 2002. Ní ọdún 2017, West Point, níbi tí wọ́n ti yàn án lódì fún ọdún mẹ́rin, ṣí ilé ńlá kan tí àwọn kádẹ́ẹ̀tì ń gbé, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ní alaalẹ́, àwọn ọmọ ń sùn lábẹ́ orúkọ ẹni tí kò rí ẹni bá sùn sí yàrá.

A ti rí i bí ìwà ti gbé ìmọ̀ sókè. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọjọ́ tí ìmọ̀ wà níbẹ̀ tí ìwà kò sí. Ní ọjọ́ 28 oṣù January ọdún 1986, Amẹ́ríkà fẹ́ rán ọkọ̀ Challenger lọ sí gbalasa òfurufú. Ènìyàn méje ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Ronald McNair, aláwọ̀ dúdú tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ físíìsì. Ọ̀kan sì ni Christa McAuliffe, olùkọ́ ilé-ìwé gírámà tí a yàn láti máa kọ́ àwọn ọmọ láti inú ọkọ̀ náà. Nítorí tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé fi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá méjì ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà. Kì í ṣe odidi kan. A tò wọ́n pọ̀ ní oríkèé-oríkèé ni, a sì fi òrùka rọ́bà dí àárín oríkèé náà kí iná má baà yọ. Rọ́bà tí ó móoru a máa fẹ̀ tètè dí àlàfo. Rọ́bà tí ó tutù a máa le, kì í sì í tètè padà sípò. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì náà mọ èyí. Ọ̀kan nínú wọn, Roger Boisjoly, ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní oṣù July ọdún 1985 pé bí a kò bá tún òrùka yìí ṣe, ẹ̀mí lè ṣòfò. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gbéra, òtútù mú gan-an ní Florida. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ náà sọ lórí tẹlifóònù pé kí a má ṣe rán ọkọ̀ náà lọ bí ojú ọjọ́ bá tutù ju nǹkan bí ìwọ̀n 12 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àwọn tí ń ra rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn kò fẹ́ gbọ́ èyí, nítorí a ti sún ọjọ́ náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà ilé-iṣẹ́ náà sọ fún olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pé kí ó bọ́ fìlà onímọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, kí ó dé ti alákòóso. Ọkùnrin náà sì pààrọ̀ fìlà. Ó gbà pé kí ọkọ̀ máa lọ.

Ẹnì kan kọ̀. Allan McDonald, tí ó ṣojú ilé-iṣẹ́ náà ní Florida, ní òun kò ní fọwọ́ sí ìwé. Ẹlòmíràn ni ó fọwọ́ sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ojú ọjọ́ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 2, ọkọ̀ gbéra. Ní ìṣẹ́jú àáyá 73, ó fọ́ yángá ní ojú ọ̀run, lójú àwọn ọmọ ilé-ìwé wọ̀nyẹn. Àwọn méjèèje kú.

Nígbà tí a gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, McDonald dìde ó sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ mú un kúrò ní ipò rẹ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn aṣòfin dá sí i, a sì dá a padà. Òun gan-an ni a fi ṣe olórí àwọn tí ó tún oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ṣe. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Lóòótọ́, òtítọ́ kùtà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n san fún èké, ẹ̀mí ènìyàn méje ni.

Kì í ṣe pé ìmọ̀ kò sí níbẹ̀. Ìṣirò wà lórí tábìlì, àwọn tí ó lóye rẹ̀ sì wà nínú yàrá. Ohun tí ó sọnù ni ẹni tí ó wà ní ipò àṣẹ tí yóò sọ pé rárá, kí ó sì dúró lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi tọ́ kí a kọ́ ọmọ tí ń kọ́ nípa rọ́kẹ́ẹ̀tì ní ìwà aṣáájú pẹ̀lú, kí fìlà méjèèjì lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ní orí rẹ̀.

Àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tí kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́ kádẹ́ẹ̀tì yìí, kò sì yẹ kí a pa ẹnu wọn mọ́. Wọ́n ní ọ̀nà àrékérekè ni láti fi ojú àwọn ọmọ mọ́ra sí iṣẹ́ ogun nígbà tí wọn kò ì tíì gbọ́n tó láti yàn fún ara wọn. Òfin sọ pé kádẹ́ẹ̀tì kò jẹ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ní gbèsè kankan. Bí ó bá jáde, ó lè di dókítà, àgbẹ̀ tàbí olùkọ́. Síbẹ̀, ní ọdún 2022, ìròyìn jáde pé ní àwọn ilé-ìwé kan, wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sínú irú ẹ̀kọ́ yìí láìbéèrè lọ́wọ́ wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn olùkọ́ náà ni ó kọ́kọ́ rú òfin tí wọ́n fi ń kọ́ni. A kì í fi tipátipá kọ́ ọmọ ní iyì. Aṣáájú tí kò bá ọmọ lò pẹ̀lú òtítọ́ kò lè bí aṣáájú olóòótọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, ó lè jẹ́ pé díẹ̀ nínú yín ni yóò wa ọkọ̀ òfurufú, ó sì lè jẹ́ pé díẹ̀ ni yóò wọ aṣọ kádẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú yín tí ọjọ́ ìdánwò mẹ́ta yìí kò ní dé bá. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìṣirò tí o ṣe kò ní bá ti àwọn ènìyàn ńlá mu, tí ó sì máa rọrùn láti yí i padà: rántí àwọn alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ méjì ní Dayton, kí o tún un wọ̀n. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ yóò yan ẹnì kan lódì láìnídìí: rántí yàrá tí Davis ń dá sùn, kí o sì dìde kí o kí ẹni náà. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó gbé ìwé síwájú rẹ pé kí o fọwọ́ sí ohun tí o mọ̀ pé kò tọ́, tí àwọn tí ó jù ọ́ lọ yóò sì máa wo aago: rántí McDonald, kí o fi kálàmù sílẹ̀.

Ìwé kíkọ́ dára, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ láìkọ́ ọ ní ìwà, a ti fi ọkọ̀ lé e lọ́wọ́ láìfi ọ̀nà hàn án. Ẹ kọ́ méjèèjì. Iwájú iwájú ni ọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí. Iwájú ni kí ẹ̀yin náà máa lọ, pẹ̀lú apá méjèèjì.